Balógun Òkun ti Eastbury

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọkùnrin tó mọ ohun gbogbo ní Barking nílùú òyìnbó, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lọ sí ilé ìkàwé. Kó yà sí gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí Eastbury ní ọ̀sán Sátidé tí Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀rìn Ọmọ Yorùbá bá ń ṣèpàdé, kó sì dúró díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. Olóyè Olúbọ̀dé ni, Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀rìn ní Gbogbo Àgbáyé. Ẹgbẹ́ ọ̀hún kò ní ẹ̀ka ní Dagenham tó wà nítòsí pàápàá, ká má tíì sọ ti àgbáyé, ṣùgbọ́n Olúbọ̀dé gbà pé ẹ̀bi àgbáyé nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi tòun.

Kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ni ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ti mọ́ ọn lára kí àwọn onímọ́tò máa ká ọwọ́ sẹ́yìn níwájú rẹ̀, kí wọ́n máa ṣàlàyé pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré làwọn fi dúró. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò rí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ mọ́, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Inú ẹgbẹ́ ló ti rí oògùn àìsàn náà. Láyí akọ̀wé ni ó sì ń po oògùn ọ̀hún fún un. Láyí kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn ti ṣàkíyèsí láti kékeré pé ẹni tó bá ń yin olórí kì í jókòó síbi tí atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ti ń fẹ́. Bí Ààrẹ bá wúkọ́, Láyí á ní ikọ́ náà ní ọgbọ́n nínú. Bí Ààrẹ bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, Láyí á ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló wọ òun lákínyẹmí ara jù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, Wúrà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wúrà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló sì ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Àdúgbò Gascoigne ló ń gbé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó wó ilé wọn lulẹ̀, tí wọ́n fún un ní fúláàtì tuntun ní Barking Riverside. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, ó ń rí odò Thames, ó sì ń rí ọkọ̀ ojú omi bó ṣe ń kọjá lọ. Ní ọjọ́ ìpàdé kan ó dìde, ó ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti fi ìgbà èwe ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí, síbẹ̀ kò sí ibi tí wọ́n ń lọ ju Nàìjíríà lọ, ìyẹn náà nítorí òkú tàbí nítorí ilé tí wọ́n ń kọ́ tí kò parí. Ó ní kí wọ́n kúkú jọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kúrúùsì, kí wọ́n lọ wo Norway. Ó ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n obìnrin arúgbó kan tó ń tọ́jú: òkè gíga-gíga tó tẹsẹ̀ bọ inú òkun, omi tó dákẹ́ láàárín wọn. Ó ní láti ìgbà náà ni kò ti kúrò lọ́kàn òun.

Olúbọ̀dé gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń dárí ji ọmọdé. Ó ní Ọlọ́run kò dá ọmọ Yorùbá fún yìnyín. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, irú èrò ńlá báyìí kì í ti ìsàlẹ̀ wá. Láyí kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti fi ọgbọ́n pa èrò náà tì.

Ṣùgbọ́n Olúbọ̀dé kò lè sùn dáadáa. Ó rọra lọ sí ilé iṣẹ́ ìrìnàjò kan, níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ń fi àwòrán ọkọ̀ hàn án. Kò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà sọ pé ọ̀gá àwọn atukọ̀ máa ń ṣe àpèjẹ ìkíni-káàbọ̀ fún àwọn èrò, tó sì máa ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ni Olúbọ̀dé tó tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó béèrè ọkọ̀ tí àpèjẹ yìí ti tóbi jù. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Norway ni.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó dúró, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "nígbà tí ẹ̀ ń sùn, èmi ò sùn. Mo wo ìlà oòrùn, mo wo ìwọ̀ oòrùn, mo kọjú sí àríwá. Àríwá ló dá mi lóhùn. Norway là ń lọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Orí tó ń ronú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣàlàyé ara rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láyí nu ojú. Wúrà wo Hamidah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Hamidah sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó má baà rẹ́rìn-ín. Wúrà kò bínú. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọkọ̀ kì í béèrè ẹnu tó kọ́kọ́ dárúkọ ibi tó ń lọ.

Báyìí ni ètò bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ètò ni oúnjẹ irú ọkùnrin yìí. Ó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ jẹ oyè Balógun Òkun. Lẹ́yìn náà ó yan àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké. Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ata jókòó títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, wọ́n sì jábọ̀ pé kí oníkálukú gbé ata tirẹ̀ dání. Ìgbìmọ̀ Ìwọṣọ ní kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ ìwẹ̀ tó ń fi orúnkún hàn. Ìgbìmọ̀ Èdè ní kí gbogbo ènìyàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní Norway, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ni wọ́n bá fẹnu kò pé kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ààrẹ fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ó tún lọ bá télọ̀ kan ní Longbridge Road pé kó rán aṣọ funfun fún òun, pẹ̀lú okùn aláwọ̀ góòlù ní èjìká àti fìlà tó ní ìdákọ̀ró níwájú. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò nílé, Magdalene ìyàwó rẹ̀, tó ti fẹ́ ẹ láti ìgbà tí kò tíì ní oyè kankan, yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní aṣọ náà mọ́. Ó wá bi í bóyá ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Olúbọ̀dé dáhùn pé wọn kì í fi igbó han kìnnìún. Èmi tí mò ń ròyìn mọ òtítọ́: omi tó pọ̀ jù tí Balógun Òkun tíì wọ̀ láyé rẹ̀ kò ju ti balùwẹ̀ lọ.

Pípín yàrá ló fa ọ̀rọ̀. Nítorí pé ẹgbẹ́ ló jọ ń lọ, olórí wọn ni yóò sọ ibi tí oníkálukú yóò sùn sí. Olúbọ̀dé gbà á bí ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀pá àṣẹ. Ó ní ipò ni wọn yóò fi pín in. Ó mú yàrá tó ga jù lọ fún ara rẹ̀, èyí tó wà ní iwájú pátápátá lókè ibi tí imú ọkọ̀ ti ń la omi, tó sì ní bálíkónì. Ọ̀dọ́mọbìnrin ilé iṣẹ́ ìrìnàjò ti fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún un nípa irú yàrá bẹ́ẹ̀ àti ìgbì òkun, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè pé òkè àti iwájú ni ibi olórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olóyè, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó máa ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan Wúrà àti Hamidah, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló kù, ní àárín gbùngbùn, inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé rárá.

Wúrà dìde. Ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

"Ààrẹ, ẹ jọ̀ọ́. Tìtorí kí n lè máa wo ìta ni mo ṣe fẹ́ lọ. Fèrèsé kékeré kan náà tó mi."

"Arábìnrin Wúrà," Olúbọ̀dé ní, "fèrèsé kì í ṣe ìrẹsì tí a ń bù fún gbogbo ènìyàn. Èmi ni màá wò ó fún ẹgbẹ́. Ohun tí mo bá rí, màá ròyìn rẹ̀ fún yín."

Láyí ní irú ìfara-ẹni-jìn báyìí ṣọ̀wọ́n. Wúrà jókòó. Hamidah sọ fún un lẹ́yìn ìpàdé pé kí wọ́n má lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, Wúrà sọ pé òun á lọ. Ó ní ọkọ̀ yẹn ní ibi ìrìn tó yí i ká, tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí, àyàfi bí Ààrẹ bá tún pín ìyẹn náà.

Oṣù Karùn-ún ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní Barking lọ sí Southampton, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè wọ́n. Olúbọ̀dé wọ aṣọ funfun rẹ̀ láti ilé. Aṣọ yìí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fó. Bó ṣe ń rìn kiri nínú ọkọ̀ ojú omi náà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, obìnrin òyìnbó kan gbé àwo tó ti dọ̀tí lé e lọ́wọ́, ó sì dúpẹ́. Ọkùnrin kan ní kó bá òun wá aṣọ ìnura mìíràn. Ìdílé kan tọ̀ ọ́ wá pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọ wọn kò gbé omi mì. Olúbọ̀dé ṣàlàyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé Ààrẹ Àgbáyé ni òun. Wọ́n gbọ́ ọ sùúrù-sùúrù, wọ́n sì bi í ẹni tí àwọn lè bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, agbami ló kù níwájú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, ni àpèjẹ ọ̀gá àwọn atukọ̀. Olúbọ̀dé ti kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà fún un lórúkọ gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà láyé, àwọn tí a kò tíì bí náà sì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán. Àwọn ife ń ro wọn-wọn lórí tábìlì, ilẹ̀ ń gòkè, ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Magdalene rí i pé ojú ọkọ òun ti ń yí padà, ó sì fà á láṣọ pé kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

Nígbà tó kàn wọ́n, ọ̀gá atukọ̀ na ọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Olúbọ̀dé kò tíì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó bọ́ fìlà, ó dì í mú níwájú àyà, ó gbé orí sókè, ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde dáadáa. Èyí tó tẹ̀lé e kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí inú fìlà ni gbogbo rẹ̀ lọ, ìrẹsì, ẹja àti àjẹkù iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ata. Ọ̀gá atukọ̀ ti rí irú ẹ̀ rí; ó fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ó wá bọ Magdalene lọ́wọ́, wọ́n sì ya fọ́tò àwọn méjèèjì.

Wọ́n gbé Balógun lọ sí yàrá rẹ̀, níbi tó ga jù, níwájú pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣeré jangirọ́fà orí pákó ní kékeré mọ̀ pé ẹni tó jókòó sí ìkángun ni ó ń fò sókè jù. Ẹni tó bá dúró láàárín kì í mọ nǹkan kan lára. Bí ọkọ̀ bá fi imú gún ìgbì, Olúbọ̀dé á gbéra kúrò lórí ibùsùn. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ á kù sókè. Ó wo bálíkónì rẹ̀, ó rí òkun, ó rí ọ̀run, ó tún rí òkun. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Magdalene fa aṣọ fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi jáde nínú ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó ń fi ara rọ́ ògiri, ó ń bá àtẹ̀gùn lọ sí ìsàlẹ̀.

Wúrà ló ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, omi inú ife kàn ń mì díẹ̀ ni. Hamidah jókòó lórí ibùsùn, ó ń jẹ ìpápánu ṣinṣín.

Olúbọ̀dé gbìyànjú láti dúró ṣánṣán. "Arábìnrin Wúrà," ó ní, "mo ti ṣe àtúnyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ fẹ́ gbé ọ ga. Mo fẹ́ fi bálíkónì mi dá ọ lọ́lá."

"Ẹ ṣeun, Ààrẹ," Wúrà dáhùn. "Ibi tí ẹ fi mí sí dára. Ó bá ipò mi mu."

Ọkọ̀ tún mì. Ẹsẹ̀ Olúbọ̀dé yẹ̀, ó rọra fi ẹ̀yìn sún ògiri títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀nà. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn mìíràn ni.

"Àǹtí Wúrà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n sùn síbí. Mo fẹ́ kú."

Wúrà wò ó. N kò ní parọ́ fún yín pé àánú ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ó sì gbé e mì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í mú lápá. "Ẹ dìde, Bọ̀dá Bọ̀dé," ó ní. "Ẹ wọlé. Hamidah, bá mi wá ike kan."

Wọ́n pàṣípààrọ̀ káàdì ìṣílẹ̀kùn. Hamidah fún un ní oògùn èébì, ó sì sùn lọ. Magdalene kò bá a sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun kò ṣàìsàn, àti pé àga gígùn tó ṣeé tẹ́ di ibùsùn wà lókè, yàrá náà á gba òun, Wúrà àti Hamidah.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkun ti rọlẹ̀. Ọkọ̀ ti wọ àárín àwọn òkè. Wúrà jáde sí bálíkónì pẹ̀lú ìborùn lórí aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Kùrukùru ń gbéra lórí omi. Àwọn òkè náà dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n sún mọ́ra débi pé ohùn ẹyẹ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín wọn, omi yìnyín sì ń já bọ́ láti orí wọn bí òwú tí ẹnì kan ń tú. Magdalene gbé tíì wá fún un, kò gbà á. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ló nawọ́ sí ilé pupa kékeré kan tó dá wà létí òkè, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Obìnrin kan ń sá aṣọ níwájú rẹ̀. Wúrà juwọ́ sí i. Obìnrin náà gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ó fì í. Ìgbà yẹn ni Wúrà wá sunkún, ó sì gba tíì náà mu.

Láyí sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Ó sọ fún Olúbọ̀dé nínú òkùnkùn pé òkun ti tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí, pé kó jáde wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Òtítọ́ ni. Bóyá òun ni òtítọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún un láti ọdún tí wọ́n ti mọra. Ṣùgbọ́n Olúbọ̀dé dùbúlẹ̀, ó ń rò ó. Láyí yìí ló ní aṣọ funfun náà sọ òun di ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Láyí yìí ló ní ọ̀gá atukọ̀ kò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ òun láéláé. Kò sí fèrèsé tí ì bá fi wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní kí Láyí máa lọ. Nígbà tí Magdalene wá sọ ohun kan náà, ó ní Láyí ló rán an. Tó bá sì tiẹ̀ gbà wọ́n gbọ́, ó ní láti gba iwájú gbogbo ènìyàn kọjá kó tó dé ìta, ojú sì ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un, tí ọkọ̀ ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń rìn létí omi, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ará Norway gẹ́gẹ́ bí Ìgbìmọ̀ Èdè ṣe pa á láṣẹ. Southampton ni Olúbọ̀dé ti tún rí oòrùn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé ìrìnàjò náà, wọ́n yọ ọ́ lóyè. Kò gba wọ́n lásìkò. Láyí ló dá a lábàá, ó sì sọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ̀ débi pé àwọn tó bínú sí Olúbọ̀dé gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀. Wọ́n ní kí Wúrà wá máa darí. Kíá, Láyí kọjú sí i, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí Wúrà ti kọ́kọ́ dárúkọ Norway pé ìran ló rí.

"Láyí, jókòó," Wúrà ní.

Láyí jókòó. Wúrà sọ pé òun kò fẹ́ oyè, pé kí wọ́n máa pe òun lórúkọ, àti pé bí wọ́n bá tún lọ síbìkan, oníkálukú ni yóò yan ibi tí yóò sùn. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kó tó parí ìpàdé.

Lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Olúbọ̀dé na ọwọ́ sókè. Gbogbo ènìyàn rò pé àwíjàre ló fẹ́ ṣe, àwọn kan tiẹ̀ ti ń wá báàgì wọn. Ó dìde, ó wo ilẹ̀, ó wo Magdalene, ó wá wo Wúrà.

"Norway yẹn," ó ní. "Báwo ló ṣe rí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wúrà fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ nu orí àga náà.

"Ẹ wá jókòó síbí, Bọ̀dá Bọ̀dé," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ láti orí kùrukùru.